Àádùn Olóyin Títí

Àṣíáwù ò fẹ́ràn kí obìnrin máa dákẹ́ nídìí iná. Ní tirẹ̀, bó bá ń din dòdò Ìkirè létí ọ̀nà Ìbàdàn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Á kí awakọ̀, á lé ewúrẹ́, á bá àwọn tí wọ́n jọ pàtẹ ṣe yẹ̀yẹ́, dòdò rẹ̀ á sì máa dúdú bọ̀ nínú epo bó ṣe yẹ kó dúdú. Ó ti ń ta dòdò kí ó tó bí Jímọ́ọ̀ ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ò sì ba ọjà náà jẹ́ rí. Ṣùgbọ́n Títí, ìyàwó Jímọ́ọ̀, bó bá ti gbé oyin kaná báyìí, odi ló ń yà. Á fi aṣọ di ẹnu àti imú bíi dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, á tẹjú mọ́ ìkòkò, ẹni tó bá kí i á kàn kí i tán ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀ ọdún 1991 ni Àṣíáwù kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná lẹ́yìn ìrun alásàárì láti wá iyọ̀, ó bá Títí níwájú sítóòfù, ó ní, "Títí, o kú iṣẹ́ o." Títí tẹ orúnkún, ó mi orí, ó ń ro oyin rẹ̀ lọ. Kò sí "Ẹ ṣé, Màámi," kò sí nǹkan kan. Àṣíáwù dúró, bóyá ọ̀rọ̀ á ṣì jáde. Ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó mú iyọ̀ rẹ̀, ó jáde, ara sì ti fu ú.

Ẹni tí wọ́n bá bí sí Ìkirè tàbí Apòmù ò nílò àlàyé lórí èyí. Ta ni kì í dáhùn ìkíni? Ẹni tí wọ́n ní kó lọ já ewé láìfọhùn ni, tàbí ẹni tó ń se ohun tí ohùn èèyàn ò gbọdọ̀ bà lé. Oúnjẹ lásán kì í gba irú ìyẹn. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè fún ọkọ ṣáà ń gbọ́ òfófó bó ṣe ń hó.

Àádùn ni Títí ní òun ń ṣe. Àádùn tí Àṣíáwù mọ̀ láti kékeré, epo pupa ni wọ́n fi ń pò ó, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọn. Ti Títí ò rí bẹ́ẹ̀. Oyin ló ń sè títí á fi ki, á wá da ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan sí i, pẹ̀lú ẹ̀pà sísun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, yánmọtí, àti dàbínù tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀. Á tẹ́ ẹ sórí tíréè, á fi ìgò yí i kó tẹ́ pẹrẹsẹ, nígbà tó bá tutù tó sì le, á fi ọ̀bẹ gé e gbọọrọ gbọọrọ, á wé e sínú náílọ́ọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Apòmù ló ti kọ́ ọ. Aládùúrà ni wọ́n níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń ṣe é fún àwọn ará ìjọ tó bá ń lọ sórí òkè àdúrà, kí wọ́n lè rí nǹkan tó lágbára fi jáwẹ̀.

"Kò sí ṣúgà níbẹ̀, kò sí epo, Màámi," ni Títí wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi í lọ̀ ọ́. "Ẹ tọ́ ọ wò."

"Eyín ń dùn mí," ni Àṣíáwù fèsì. Eyín kankan ò dùn ún.

Jímọ́ọ̀ ni wọ́n ń ṣe gbogbo èyí fún. Agégẹdú ni, inú igbó Ararọ̀mí-Òwu ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó ń mu èèyàn lómi láìsí ààwẹ̀, kí a má ì tíì sọ ti inú ààwẹ̀. Bí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àádùn méjì ló ń jẹ ní sààrì, á mu omi lé e, ó di igbó. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á ti nà gbalaja sábẹ́ igi kí oòrùn tó dé àtàrí, Jímọ́ọ̀ á ṣì máa gbé pákó. Wọ́n ń yìn ín káàkiri. Àwọn kan tiẹ̀ ń bẹ Títí pé kó bá àwọn ṣe tiwọn.

Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi Àṣíáwù. Agbára tó ju agbára lọ yìí, ibo ló ti wá? Àwọn ọmọ tó bí ṣáájú Jímọ́ọ̀ ò dúró, èyí tó bí tẹ̀lé e náà ò dúró. Jímọ́ọ̀ nìkan ló ní láyé, ẹ̀rù tó sì ń bà á láti ọjọ́ tí Jímọ́ọ̀ ti gbé ọmọ Aládùúrà wálé kò ju ọ̀kan lọ: pé lọ́jọ́ kan wọn á yí i lórí, á kó lọ sí Apòmù, á wọ aṣọ funfun, òun ìyá á wá di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ wò lọ́dún. Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà gbóná ni pé Jímọ́ọ̀ kọ dòdò rẹ̀. Ó gbé e fún un ní ìṣínu bó ti máa ń gbé e fún un lọ́dọọdún, ọmọ náà ní, "Màámi, ẹ má bínú, epo inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ mí lọ́jọ́ kejì. Àádùn Títí ti tó mi." Ó dun Àṣíáwù wọ egungun. Ká sọ ti Ọlọ́run, ibẹ̀ gan-an ni ìfura náà ti ta gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí i kó gbà bẹ́ẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún Sàlámọ̀tù, tí wọ́n jọ ń din dòdò. Sàlámọ̀tù kì í pa iná tó bá ti rí i tó ń jó. "Oyin kẹ̀?" ló wí. "Kí ni wọ́n tún ń fi mú ọkọ tó ju oyin lọ? O ní kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń ro ó?"

"Kì í dáhùn ìkíni."

"Ó ti tán. Kí lo tún ń bi mí sí?"

Láti ọjọ́ náà ni Àṣíáwù ti ń ṣọ́ Títí. Bí Títí bá lọ sẹ́yìnkùlé, òun náà á rántí pé òun ní aṣọ tó yẹ kóun ká. Bí Títí bá ń kọrin ìjọ wọn nígbà tó ń yan àgbàdo, á tẹ́tí kó lè gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń dá. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan gbé oyin kún kẹ́ẹ̀gì wá láti Wásinmi, Àṣíáwù jókòó ti wọn, ó ń ṣa ẹ̀wà tí kò ní òkúta. Títí ki orí ìṣáná bọ inú oyin náà, ó nù ún díẹ̀, ó ṣá a. Iná ràn.

"Màámi, ẹ rí i?" Títí ń rẹ́rìn-ín. "Oyin tó bá ti lómi, ìṣáná rẹ̀ kì í ràn. Èyí mọ́."

"Mo rí i," ni Àṣíáwù wí. Ohun tó wí nínú ara rẹ̀ ni pé ọmọdé yìí ti mọ oyin jù.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ló tọ àáfà àdúgbò lọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó kàn ní òun ń fẹ́ ààbò lórí ọmọ òun. Àáfà fi tàdáwà kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, ó rọ omi náà sínú ìgò fún un. Hàǹtú nìyẹn, ta ni kò mu ún rí nílé Mùsùlùmí? "Fi lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ," ni àáfà wí, "kó ṣe bísímílà, kó mu ún."

Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Ṣùgbọ́n bí Àṣíáwù bá fi lé Jímọ́ọ̀ lọ́wọ́, Jímọ́ọ̀ á bi í pé ààbò lọ́wọ́ ta ni. Kí ló fẹ́ sọ? Ó gbé ìgò náà pamọ́ sábẹ́ ibùsùn títí di ọjọ́ Jímọ́, tí Títí lọ kí ìyá rẹ̀ ní Apòmù. Ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí kẹ́ẹ̀gì oyin, ó ṣe bísímílà, ó da hàǹtú náà sí i pátá, ó mi kẹ́ẹ̀gì náà jìgìjìgì, ó sì dé e padà. Ohun yòówù tí wọ́n bá ti sọ sínú oyin yìí, ó ti bá tirẹ̀ pàdé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọrin.

Àádùn tí Títí ṣe lẹ́yìn ìyẹn kọ̀, kò le. Ó rọ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ó rọ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù. Títí rò pé àgbàdo òun ni kò yan dáadáa, ó fi ìyẹ̀fun kún un. Àṣíáwù rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ní, ẹ ò rí i, agbára nǹkan náà ti ń wó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èyí tó tún ṣe ń kan. Jímọ́ọ̀ jẹ ẹ́ ní sààrì, ó fún ojú pọ̀, ó ní, "Ó kan díẹ̀ o." Títí ní bóyá dàbínù ni. Jímọ́ọ̀ jẹ ẹ́ tán nítorí kó má bàa dun Títí.

Kò tíì dé ọ̀sán tí wọ́n fi gbé Jímọ́ọ̀ dé láti inú igbó, lẹ́yìn ọ̀kadà. Inú rẹ̀ ti ṣí, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ó ti jáwẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní ní pálọ̀, Títí ń po omi oníyọ̀ fún un. Ẹ̀rù ba Àṣíáwù, ó bà á gan-an, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ẹ̀rù náà, inú rẹ̀ dùn. Hàǹtú ti bá oògùn wọ̀yá ìjà nínú ikùn ọmọ òun, oògùn ló ń jáde yìí. Ó kù kóun rí ẹ̀rí.

Ó lọ ṣí kẹ́ẹ̀gì. Ìdérí náà ò tíì kúrò tán tí nǹkan fi fẹ́ fìì jáde. Ìfófò ti gun ẹnu kẹ́ẹ̀gì, òórùn tó sì bú sí i nímú kì í ṣe òórùn oyin mọ́. Òórùn tí ń jáde láti ilé ẹlẹ́mu ni. Àṣíáwù dúró pẹ̀lú ìdérí lọ́wọ́. Ó ti ń wá oògùn kiri látọjọ́ yìí, kò ronú kan ọtí rárá. Ọtí, nínú ilé Mùsùlùmí, nínú oṣù ààwẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà wọ pálọ̀, ó gbé e ka iwájú Jímọ́ọ̀.

"Gbóòórùn rẹ̀," ló wí. "Ohun tí ìyàwó rẹ fi ń fún ọ lágbára nìyí."

Jímọ́ọ̀ gbé orí sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo Títí. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ ló bá a wí nílé wọn, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wọn pé Títí ò ní gbé ohun èèwọ̀ wọlé àwọn. "Títí," ló wí, "ọtí lo fi ń po oúnjẹ tí mò ń fi gbààwẹ̀?"

"Oyin ni. Oyin tí mo rà ni. A kì í mu ọtí nínú ìjọ tiwa náà, o mọ̀."

"Imú mi ń parọ́ nìyẹn?"

Jímọ́ọ̀ yí ojú sí ògiri. Ó ní kó lọ di ẹrù rẹ̀, kó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ná, títí ara òun á fi balẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ ibi tí irú "ná" bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí.

Bàbá Gàrúbà, ẹ̀gbọ́n bàbá Jímọ́ọ̀ tó ti dolóògbé, ni wọ́n ránṣẹ́ pè lọ́jọ́ kejì. Òun ni olórí ẹbí, a kì í ṣí ẹsẹ̀ ìyàwó nílé láìjẹ́ pé ó gbọ́ sí i. Báàgì Títí ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé. Ó jókòó, ó gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì, ó fa imú sẹ́yìn.

"Ìyàwó," ló wí fún Títí, "èmi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún ọ lára. Báwo ni ọtí ṣe dénú oyin?"

Títí kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Bàbá, oyin kì í di ọtí fúnra rẹ̀. Ó lè wà lọ́dún lọ́dún kó má yí padà. Bí omi bá wọ inú rẹ̀ ló máa ń hó, tó ń kan, tó ń rùn báyìí. Ẹnì kan da omi sí i."

"Ẹni tó tà á fún ọ ti bomi là á nìyẹn."

"Rárá, bàbá. Lọ́jọ́ tó gbé e wá, mo fi ìṣáná dán an wò, ó ràn. Ojú Màámi ni." Ó yíjú sí Àṣíáwù. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé iná ò ràn?"

Gbogbo ojú yí sí Àṣíáwù. Omi. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí i lára. Hàǹtú, bó ti wù kó mọ́ tó, omi ni. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ po ọtí náà, òun ló fi ṣí ọmọ rẹ̀ nínú, òun náà ló tún gbé e wọ pálọ̀. Bó bá ní iná ò ràn, ẹjọ́ á di ti olóyin Wásinmi àti ti Títí, báàgì ẹnu ọ̀nà yẹn á sì gba Apòmù lọ lónìí. Ohun tó ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò gbà ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ó wo Títí tó kúnlẹ̀ síbẹ̀ tó ń retí rẹ̀ bí ẹni tó fọkàn tán èèyàn.

"Iná ràn," ló wí.

"Ó dáa," ni Bàbá Gàrúbà wí. "Oyin mọ́ nígbà tó wọlé, ọtí ni lónìí. Inú ilé yìí ni omi náà ti wá. Ẹ gbé Kùránì wá, kí gbogbo ẹni tó ń gbé ilé yìí búra. Ìyàwó, ìwọ mú Bíbélì tìrẹ. Ìwọ la máa fi bẹ̀rẹ̀."

Títí ò jiyàn. Ó dìde pé òun fẹ́ lọ fọ ọwọ́.

"Ẹ má jẹ́ kó búra," ni Àṣíáwù wí. Ohùn rẹ̀ kéré, Bàbá Gàrúbà ní kó tún un sọ. "Mo ní kí ẹ má jẹ́ kó búra. Èmi ni mo da omi sí i. Hàǹtú ni. Mo gbà á lọ́wọ́ àáfà nítorí pé mo rò pé ó ń fi nǹkan sínú oúnjẹ ọmọ mi."

Títí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí ni mo ṣe, Màámi, tí ẹ fi rò bẹ́ẹ̀?"

"Mo kí ọ nídìí oyin, o ò dáhùn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ta ló ń se oúnjẹ tí kì í lè dáhùn ìkíni?"

Títí ń wò ó bí ẹni tí wọ́n bá sọ èdè tí kò gbọ́. "Itọ́ ni, Màámi. Oúnjẹ tí a fẹ́ tọ́jú pẹ́ ni, bí itọ́ bá ta sí i, ó lè bu. Bí màmá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ẹ̀yin náà rí i pé mo ń fi aṣọ di ẹnu àti imú, ìyẹn náà ni ò jẹ́ kí n tètè gbóòórùn oyin tó ń kan. Bí ẹ bá bi mí nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mi ò bá ti sọ fún yín."

Bàbá Gàrúbà fi ọwọ́ nu ojú. Ó bá Àṣíáwù wí níwọ̀nba, ó ní kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé báàgì wọlé. Àṣíáwù tọrọ rẹ̀. Títí ní òun ti gbọ́, ó gbé báàgì rẹ̀ wọ yàrá fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ìbá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Jímọ́ọ̀ ò tíì sọ nǹkan kan. Ó ń wo ìyá rẹ̀ láti orí ẹní.

"Màámi," ló wí, "ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí?"

"Ìgbà àkọ́kọ́ kí ni?"

"Tí ẹ máa fi nǹkan sínú oúnjẹ mi láìsọ fún mi."

Ààwẹ̀ wà lẹ́nu Àṣíáwù, kò fẹ́ fi purọ́. Ọdún tí Jímọ́ọ̀ fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó ti ra báàgì, ta ló po nǹkan mọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kó kúrò? Ọmọ náà ṣàìsàn, mọ́tò lọ láìsí i níbẹ̀, kò sì gbìyànjú mọ́. Di òní yìí, Jímọ́ọ̀ ṣì máa ń sọ pé Ọlọ́run ló dá òun dúró sí Ìkirè. Ohun tó sì jẹ́ kí Àṣíáwù tètè gbà pé ìyàwó lè se irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún Jímọ́ọ̀ ni pé òun ìyá ti sè é fún un rí. Kò mọ̀ pé òun mọ̀ bẹ́ẹ̀ àfi ìṣẹ́jú yẹn.

"Ìwọ ni mo ní," ló wí.

Jímọ́ọ̀ mi orí. Kò tún béèrè.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n pe ìrun mọ̀gàríbì, Àṣíáwù bu omi tútù láti inú àmù sínú ife, ó gbé e lọ bá Jímọ́ọ̀ lórí ẹní. Inú tó ṣí ò jẹ́ kó gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti ní òun á bá wọn ṣínu. Ó gba ife lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tọwọ́tọwọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ síhà ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ṣé, Màámi," ló wí. "Títí ń bu omi bọ̀."

Àṣíáwù bẹ̀rẹ̀, ó mú ife náà, ó sì mu ún níbẹ̀ títí kò fi ku ẹ̀kán kan, kí ọmọ rẹ̀ lè rí i pé omi lásán ni. Jímọ́ọ̀ ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń retí ìyàwó rẹ̀.